Ẹ̀sùn ni kóòdù ń kà: ìrírí mi pẹ̀lú iná check engine

Ọjọ́ Ẹtì kan ní ọdún 2019 ni iná check engine kọ́kọ́ tàn nínú ọkọ̀ mi. Mò ń ti ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì bọ̀ wá sílé ní Bódìjà, Ìbàdàn. Ọkọ̀ náà kò mì, kò dún lódì, omi rẹ̀ kò gbóná, síbẹ̀ àwòrán ẹ́ńjìnì kékeré aláwọ̀ ọsàn yẹn yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì kú mọ́ títí mo fi délé. Corolla tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 2005, owó àjọ ni mo fi rà á, ohunkóhun tó bá sì ṣe é ni ó máa ń já mi láyà. Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú orí bátìrì, ó jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó tún un dè, iná sì kú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má da ara yín láàmú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, iná padà tàn.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní sẹ́ńsọ̀ oxygen ni, èyí tí wọ́n máa ń dè mọ́ sàlẹ́ńsà. Kò fi ohunkóhun yẹ ọkọ̀ náà wò kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo san ₦18,000, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún tú orí bátìrì, iná kú, inú mi dùn, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, ó ti tún tàn. Ó ní ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ tí a rà ni kò dára, a bá ra òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá dárúkọ pọ́ǹpù epo, ibẹ̀ ni mo sì ti ní kí ó jọ̀wọ́ ọkọ̀ mi fún mi ná. Mi ò pe ọkùnrin náà lólè títí di òní, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dá lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ló sì ń bá mi tún bíréèkì ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń méfò, èmi sì ń sanwó ohun tó méfò. Èmi tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lójoojúmọ́ pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n rò, mo jẹ́ kí wọ́n tú ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì láìbéèrè ohun tí ẹnikẹ́ni rí.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ni ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra síkánà kékeré tí wọ́n ń pè ní ELM327, èyí tó ń ka kóòdù, àmì ẹ̀bi tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kọ pa mọ́. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, Bluetooth ni ó sì fi ń bá áàpù orí fóònù sọ̀rọ̀. Ìsàlẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí orúnkún awakọ̀ máa ń wà, ni ihò tí a ń kì í bọ̀ wà, ihò gbọọrọ kan tó ní ojú 16. Láti orí ọkọ̀ ti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ ní irú ihò yìí, kí wọ́n sì máa lo kóòdù kan náà, nítorí náà tòkunbọ̀ tó bá ti ibẹ̀ wá, ìbáà jẹ́ Toyota, ìbáà jẹ́ Ford, èdè kan náà ni yóò bá síkánà sọ. Mo kì í bọ ihò náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo yí kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnì sí i, mo sì rí P0171 lórí fóònù mi.

Lẹ́tà P ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì tàbí ti jíà ni. Òdo tó tẹ̀ lé e ń sọ pé kóòdù àjùmọ̀lò ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìyókù wá ń sọ pé epo tó ń wọ ẹ́ńjìnì kéré sí afẹ́fẹ́ tó ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ka èyí, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé iṣẹ́ mi wá bá mi nínú ọkọ̀. Kí bẹntiróòlù tó lè jó tán dáadáa, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ni ìwọ̀n epo kan ń fẹ́, bí a bá gbé àwọn méjèèjì lé òṣùwọ̀n. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sàlẹ́ńsà ń gbóòórùn oxygen tó ṣẹ́ kù nínú èéfín, ó ń ròyìn rẹ̀ fún bíréènì ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, bíréènì sì ń bu epo kún un tàbí kí ó dín in kù. Ìgbà náà ni ó yé mi pé sẹ́ńsọ̀ tí a yọ sọnù lẹ́ẹ̀mejì kò ṣe ohunkóhun ju pé ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an lọ. Oxygen pọ̀ jù nínú èéfín, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ké pé ilé ń jó ni a dá lẹ́bi, a kò sì wá ibi tí iná ti ràn.

Bí mo ṣe wá ń wo kóòdù láti ìgbà náà nìyẹn: ẹ̀sùn ni. Bíréènì ń sọ ohun tó dùn ún, ó sì ń sọ ibi tó ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò tí ì mọ ẹni tó fà á. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹni tó bá sì ra páàtì nítorí kóòdù nìkan, ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́ tó fi dá a. Ó ku kí a pe ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí tó wúlò jù lọ fún mi ni ohun tí áàpù ń pè ní fuel trim. Èyí ni ìṣirò iye epo tí bíréènì ń fi kún ìwọ̀n tí wọ́n kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún un, tàbí iye tí ó ń yọ kúrò. Oríṣi méjì ni: ọ̀kan ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá, èkejì ni ohun tí bíréènì ti kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí nǹkan bá lọ déédéé, méjèèjì kì í jìnnà sí òdo; ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀ kì í ṣe ohun àjòjì, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá mẹ́wàá, ó yẹ kí a bi í léèrè. Mo ta ẹ́ńjìnì náà sí i, mo jẹ́ kí ó gbóná dáadáa, mo sì wo ti ọlọ́jọ́ pípẹ́: 22 ló wà. Bíréènì ọkọ̀ mi ti ń bu epo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin kún ohun tó yẹ kí ó lò, abájọ tí owó epo mi fi ń ga láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn tí mi ò mọ ìdí.

Mo ní kí ọmọ mi tẹ tọ́rótù díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnì fi ń yí ní 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì dúró síbẹ̀. Nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó sì dúró sí 6. Èyí ni ó sọ ibi tí mo máa wá fún mi. Bí ẹnìkan bá da ife omi kan sínú ìkòkò ògì kékeré, ògì náà á ṣàn, ṣùgbọ́n bí ó bá da ife yẹn kan náà sínú ìkòkò tí wọ́n fi ń ṣe ìnáwó, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá ń gba ẹ̀yìn sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ wọlé rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnì ń dún jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń lò kò pọ̀, ohun tó ń jò wọlé á sì dà á láàmú. Nígbà tí a bá tẹ tọ́rótù, afẹ́fẹ́ tòótọ́ á pọ̀ débi pé ti olè yẹn ò ní já mọ́ nǹkan. Bí ó bá jẹ́ pọ́ǹpù epo ni kò lágbára mọ́ ni, tàbí tí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ bá dọ̀tí, òdì kejì ni à bá rí: nọ́ńbà á máa ga sí i bí a ṣe ń tẹ tọ́rótù. Pọ́ǹpù epo tí mẹkáníìkì ń bọ̀ wá tà fún mi kò jẹ̀bi rárá.

Mo pa ẹ́ńjìnì, mo jẹ́ kí ó tutù, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá gbogbo rọ́bà tó lọ sínú manífóòdù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Èyí tó ti orí ẹ́ńjìnì gbé èéfín ọ́ìlì padà lọ sínú manífóòdù kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó tẹ̀ bí ìka tí a ká kò. Lókè, ó dúdú, ó ń dán, kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí mo fi ìka tọ́ abẹ́ rẹ̀, níbi tó ti tẹ̀, mo bá ojú kan tó la bí èèpo ẹ̀pà, ó le gbagidi, ọ́ìlì àti eruku sì ti dì mọ́ etí rẹ̀. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ dá ẹjọ́ náà pẹ̀lú ojú nìkan. Mo tún ta ẹ́ńjìnì sí i, mo ṣẹ́ apá aṣọ mi sókè kí ó má baà kọ́ bẹ́líìtì, mo gbé fóònù sórí bátìrì kí n lè máa rí i, mo sì fi ìka méjì fún rọ́bà náà pa pinpin níhà manífóòdù. Ìró fíìfíì kékeré kan tí mi ò mọ̀ pé mo ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí dákẹ́ lójijì. Ẹ́ńjìnì náà yí ohùn padà. Lórí fóònù, fuel trim ìgbà kúkúrú tó wà ní 7 já sí òdo, ó já kọjá rẹ̀, ó dé 14 ní ìsàlẹ̀ òdo, nítorí bíréènì ṣì ń bu epo àtijọ́ síbi tí kò ti sí jíjò mọ́. Nígbà tí mo jáwọ́, ó gòkè padà. Mo fún un pa, mo jáwọ́, mo fún un pa, mo jáwọ́, bóyá ìgbà mẹ́fà, bí ẹni tí kò tí ì gbà gbọ́.

Ní ọjà páàtì Araròmi ní Gate ni mo ti ra rọ́bà tuntun, mo sì mú èyí tó là lọ kí wọ́n lè fi wéra. Iye tí mo rà á kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó sẹ́ńsọ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo fi í sí i, fuel trim ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti wá sí 3.

Ìgbà kejì yàtọ̀, nítorí iná náà kò kàn tàn, ó ń ṣẹ́jú. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Iná tó tàn tó dúró ń sọ pé kí a wá àyè wo ọkọ̀ náà láìpẹ́. Iná tó ń ṣẹ́jú tàn-kú-tàn-kú ń sọ pé silíńdà kan ń mísì débi pé epo tí kò jó ń ṣàn lọ sínú kátálíìsì, ìkòkò ara sàlẹ́ńsà tó ń sọ èéfín di mímọ́, ó ń jó níbẹ̀, ó sì lè yọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ń gun òkè Mọ́kọ́lá lọ́wọ́ ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa á, mo sì ní kí wọ́n wá fà á lọ sílé. P0303 ni síkánà kà: silíńdà kẹta.

Ẹ́ńjìnì yìí ní kọ́ìlì mẹ́rin tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní iná, ọ̀kan lórí pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, bóòtù kan ṣoṣo tí sípánà 10 ń tú ni wọ́n sì fi de ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò ra nǹkan kan. Mo ya àwòrán kóòdù náà, mo yọ kọ́ìlì kẹta, mo fi í sí ipò ìkejì, mo fi ìkejì sí ipò ìkẹta, mo pa kóòdù rẹ́, mo sì ta ẹ́ńjìnì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, P0302 jáde. Ẹ̀bi ti tẹ̀ lé kọ́ìlì lọ sí ilé tuntun. Ká ní P0303 ló padà wá ni, pọ́lọ́ọ̀gì ni ǹ bá tún pààrọ̀ ipò wọn, lẹ́yìn náà ni ǹ bá tó ronú nípa ohun tó ń fín epo sí silíńdà náà. Kọ́ìlì kan ni mo rà, kì í ṣe mẹ́rin.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù láti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Nínú oṣù Ọ̀pẹ, nígbà ọyẹ́, iná tàn, kóòdù sì jẹ́ P0113, tó níí ṣe pẹ̀lú ìgbóná afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì. Mo wo nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù: −40. Ọyẹ́ mú lóòótọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, a ń pa òrí sẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí òtútù bá ṣe ń mú sí i ni sẹ́ńsọ̀ yìí ṣe ń dènà iná mànàmáná sí i, bí wáyà rẹ̀ bá wá já, iná mànàmáná kò lè kọjá rárá, bíréènì á sì rò pé òtútù tó burú jù lọ ni ó dé. Nítorí náà, −40 túmọ̀ sí pé kí a lọ wo wáyà. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo bá ìtẹ́ eku lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí fílítà afẹ́fẹ́, ewé gbígbẹ àti ọ̀rá búrẹ́dì, àti wáyà kan tí wọ́n ti gé tán, bàbà rẹ̀ ń tàn yanran. Rìwáyà kan ní àdúgbò wa jó o pọ̀, ó wé e, ó parí. Ká ní sẹ́ńsọ̀ ni mo sáré lọ rà ni, −40 náà ni tuntun ìbá kà.

P0420, èyí tó ń sọ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kò le tó bẹ́ẹ̀ láti yé ni, ṣùgbọ́n ó máa ń bà mí nínú jẹ́. Aládùúgbò mi kan, ẹ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkunbọ̀, pè mí pé kí n bá òun wò ó. Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà lára sàlẹ́ńsà, ọ̀kan níwájú kátálíìsì, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí kátálíìsì bá ń ṣiṣẹ́, ti ẹ̀yìn á dúró jẹ́jẹ́ lójú kan. Ti ọkọ̀ rẹ̀ ń fò sókè sódò bíi ti iwájú gẹ́lẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ tutù, a wo abẹ́ rẹ̀, a sì rí ojú wẹ́dà tó gùn lára ìkòkò kátálíìsì náà. Wọ́n ti là á, wọ́n kó inú rẹ̀ tà nítorí platinum, palladium àti rhodium tó wà níbẹ̀, wọ́n sì dé e padà. Ọkọ̀ náà ń rìn, kò sì sí ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnì rẹ̀, ṣùgbọ́n carbon monoxide tí ìkòkò yẹn ìbá sọ di ohun tí kò lè pani ń jáde síta, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ẹni tó bá bá a fi ọgbọ́n pa iná yẹn, kò tún ọkọ̀ ṣe. Ó gbọ́, ó ní òun á máa tu owó jọ fún òmíràn.

Èyí tún mú mi rántí ọ̀rọ̀ pípa kóòdù rẹ́. Títú orí bátìrì ń pa kóòdù rẹ́, ó ń pa àkọsílẹ̀ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó àti bí ó ṣe ń sáré tó nígbà tí ẹ̀bi wáyé rẹ́, ó tún ń pa gbogbo ohun tí bíréènì ti kọ́ rẹ́. Mo ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀ báyìí tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ó yí kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnì kí ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù: iná check engine gbọ́dọ̀ tàn nígbà náà, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ta. Bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan lè ti yọ gílóòbù rẹ̀. Síkánà pẹ̀lú máa ń fi hàn bí àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ bá ti parí tàbí wọn kò tí ì parí. Bí ọ̀pọ̀ wọn kò bá tí ì parí, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà ti pa kóòdù rẹ́ láìpẹ́.

Kì í ṣe gbogbo iná ni ó yẹ kí a máa fi síkánà wá ìdí rẹ̀ lọ́nà báyìí. Bí iná pupa ọ́ìlì bá tàn, tàbí tí ọkọ̀ bá gbóná jù, kí a pa ẹ́ńjìnì níbi tí a wà. Mi ò sì jẹ́ ta ẹ́ńjìnì nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, mi ò sì jẹ́ fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá ń jo epo.

Lọ́wọ́ tí mo ń kọ èyí, iná náà tún ń tàn. P0455 ni, èyí tó ń sọ pé ooru epo ń jò jáde púpọ̀ níbì kan láti táǹkì, ibi tí mo sì kọ́kọ́ wò ni ìdérí táǹkì epo. Rọ́bà etí rẹ̀ ti gbẹ, ó ti pínyà lójú kan. Mo ra tuntun lọ́jọ́ Ajé, mo yí i títí ó fi dún kẹ́kẹ́kẹ́. Mi ò pa kóòdù náà rẹ́. Bí ìdérí yìí bá ni ẹlẹ́ṣẹ̀ lóòótọ́, bíréènì yóò ṣe àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ nígbà ìrìn àjò mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn, yóò rí i pé kò jò mọ́, yóò sì pa iná fúnra rẹ̀. Ó ti yege lẹ́ẹ̀kan ní àná. Ó ku méjì.